Igbó Tí Ọdẹ́ṣìnà Ju Orin Ọmọ Rẹ̀ Sí

Ẹ fìdí mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹni tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n kó tètè lọ tọ̀ ọ́, torí ìtàn tí mo gbé lọ́wọ́ yìí kì í dúró de ẹni tó bá dìde. Kò dùn bí oyin o. Ó korò bí ewúro tí a kò fọ̀, bẹ́ẹ̀ ewúro náà la fi ń wo inú rírun.

Ọdẹ kan wà ní Òkè-Ayùnrẹ́ tí wọ́n ń pè ní Ọdẹ́ṣìnà. Ẹ má fi wé àwọn ọdẹ ìsinsìnyí tó jẹ́ pé bí igi gbígbẹ bá ṣẹ́ lẹ́yìn wọn, ilé ni wọ́n á ti mí. Ọdẹ́ṣìnà dojú kọ ẹfọ̀n, ó pa á. Bó bá ń sọ tirẹ̀ fún wa nídìí igi ayùnrẹ́, á lu àyà gbàgbàgbà, á ní, "Bí èmi bá wọ igbó, igbó fúnra rẹ̀ á tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ mi!" Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bó bá dé ibi tí mo fẹ́ sọ yìí, kì í lu àyà mọ́. Ọwọ́ á rọ wọ̀ọ̀ sórí itan.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí. Obìnrin ni, Ọdẹ́fúnkẹ́ lorúkọ rẹ̀. Mo dárúkọ rẹ̀ o! Ẹ ó gbọ́ ìdí tí n kò fi bẹ̀rù. Ọdẹ́fúnkẹ́ kàwé, ó padà wá di tíṣà nílé ìwé olórùlé ewé tó wà lẹ́bàá odò wa. Àǹtí ni àwọn ọmọ ń pè é. Ó ní ọmọbìnrin kan, Àwẹ̀ró, tí bàbá rẹ̀ ti rìnrìn àjò lọ tí kò bọ̀ mọ́. Lórí bẹ́ǹṣì kan náà ni Àwẹ̀ró ń jókòó pẹ̀lú Àlàó, ọmọ ìyá aláró, ọmọ tí ohùn rẹ̀ máa ń ga ju ti gbogbo kíláàsì lọ.

Ẹ gbọ́ bí Àǹtí ṣe ń kọ́ wọn. Bí agogo bá lù, kò ní tíì fẹnu kan ohun tuntun. Á káwọ́ sẹ́yìn, á bi wọ́n pé, "Kí la gbé sílẹ̀ lánàá?" Oníkálukú á wá máa gbé ohun tó wà lórí rẹ̀ jáde, láìwo pátákó, láìwo ojú ẹnì kejì. Ọmọ tí kò bá rí tirẹ̀, kò ní nà án. Á ní, "Padà lọ wá a, ó wà níbẹ̀. Mo ń bọ̀ wá bi ọ́." Yóò sì bi í lóòótọ́. Bó bá tún pẹ́ díẹ̀, tí ọmọ náà rò pé ó tán, á tún bi í. Ìgbà tí wọ́n bá gbé ti àná kalẹ̀ tán ló tó ń so tòní mọ́ ọn, bí ẹní ń so okùn mọ́ okùn. Orin ló fi kọ́ wọn ní á-bí-dí:

Ó rí roboto bí ẹnu igbá, O ni.
Ó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ejò, S ni.
Ó dúró ganran, ó gbé ẹ̀pà lérí, i ni.

Ọmọ tó ń rí igbá nínú ilé, tó ń sá fún ejò lóko, báwo ló ṣe fẹ́ gbàgbé?

Ibà ló dá Ọdẹ́fúnkẹ́ dùbúlẹ̀. Ibà náà ló gbé e lọ.

Ẹ mọ àṣà wa. Ọ̀dọ́ tó bá kú tó fi òbí sáyé, òkú ọ̀fọ̀ ni. Òbí rẹ̀ kì í mọ ojú oórì rẹ̀. Wọn kì í dárúkọ rẹ̀ nínú ilé mọ́, kí ikú má baà gbọ́ orúkọ náà kó tún yà wọlé. Ohun tó lò, inú Igbó Àìdárúkọ ni wọ́n ń kó o jù sí. Èmi kò bá àṣà jà. Ṣùgbọ́n oògùn tó bá pọ̀ lápọ̀jù, májèlé ni. Baálẹ̀ mi orí, ó ní, "Orin tó kọ́ àwọn ọmọ wa ńkọ́? Ṣebí ẹnu rẹ̀ ló ti jáde? Ẹ kó o mọ́ ẹrù rẹ̀."

Àwọn àgbà yòókù ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọdẹ́ṣìnà náà ní bẹ́ẹ̀ ni.

Òun fúnra rẹ̀ ló gbé apẹ̀rẹ̀ náà: agogo, pátákó, ẹfun ìkọ̀wé, òkúta wẹẹrẹ tí wọ́n fi ń ka òǹkà. Ó dúró létí Igbó Àìdárúkọ, ó kọ orin náà lábẹ́ ẹnu bí wọ́n ṣe ní kó ṣe, ó tu itọ́ lé e, ó sọ gbogbo rẹ̀ sígbó, ó sì yí padà. Kò wẹ̀yìn. Kò sunkún. Ó ní ọdẹ kì í sunkún. Láti ọjọ́ náà, kò pe orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́, kò tilẹ̀ pè é nínú ọkàn. Bí ìrònú bá fẹ́ yà síbẹ̀, á gbé ìbọn, á sá lọ sóko. Àlàó gbàgbé ara rẹ̀, ó kọ orin náà nídìí odò. Wọ́n nà án títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi là.

Wọ́n wá tíṣà tuntun wá, Tíṣà Ọ̀ṣúndáre, ọmọlúwàbí gidi ni. Kò pẹ́ tó fi wá bá Ọdẹ́ṣìnà nílé.

"Ẹ kúulé, Bàbá. Ọ̀rọ̀ ọmọ-ọmọ yín ló gbé mi wá, àti ti gbogbo kíláàsì."

"Ṣé wọ́n ń yájú sí yín ni?"

"Ó sàn kí wọ́n yájú, Bàbá. Mo ń bu omi sínú ajere ni. Ohun tí mo bá kọ́ wọn láàárọ̀, bó bá dọ̀sán, ilẹ̀ ti mu ún. Mo bi wọ́n pé kí ni ẹni tó wà níbí ṣáájú mi kọ́ wọn, kí n lè mọ ibi tí màá so tèmi mọ́. Gbogbo wọn wolẹ̀. Mo bi àwọn òbí, àwọn náà wolẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá?"

Ọdẹ́ṣìnà náà wolẹ̀.

Iṣu tí wọ́n bá yọ igi ìdí rẹ̀, ìtàkùn rẹ̀ á wó lulẹ̀, eruku á bò ó. Bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn ọmọ náà. Á-bí-dí ló kọ́kọ́ lọ. Òǹkà tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà, ohun tí kì í ṣe ti ilé ìwé pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ. Àwẹ̀ró lọ pọn omi, kò mọ ọ̀nà ilé mọ́, àwọn alágbàfọ̀ ló fà á wá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó jókòó nídìí ààrò, ó na ọwọ́ sínú iná bí ẹni fẹ́ mú èso. Ó ti gbàgbé pé iná ń jóni. Igbe rẹ̀ ló mú Ọdẹ́ṣìnà sáré wọlé. Ó gbá a mọ́ra, ó ń fi òrí pa ọwọ́ náà, ọmọ náà gbé ojú sókè, ó wò ó, ó ní:

"Ẹ ṣeun, bàbá àlejò."

Ha! Ọ̀rọ̀ náà wọ Ọdẹ́ṣìnà lára ju ìwo ẹfọ̀n lọ. Ó jáde, kò mọ ibi tó ń lọ, ẹsẹ̀ gbé e dé etí Igbó Àìdárúkọ. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ ọ. Ohùn ránmúránmú, ohùn tí kì í ṣe ti ọmọ ènìyàn, ń kọ ọ́ nínú igbó lọ́hùn-ún: ó rí roboto bí ẹnu igbá, O ni.

Ohun tí a jù nù, ẹlòmíì ti ṣà á. Ọdẹ́ṣìnà gbé ṣakabùlà rẹ̀ kọ́ èjìká, ó wọ inú igbó náà lọ.

Kò tíì rìn jìnnà tí iwin kan fi dábùú ọ̀nà. Iwájú rẹ̀ dán bí ẹ̀yìn ṣíbí, kò lẹ́nu níbẹ̀. Ìpàkọ́ lẹnu rẹ̀ wà. Ó ní láti kọ ẹ̀yìn sí èèyàn kó tó lè bá a sọ̀rọ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Ẹlẹ́nu-ìpàkọ́, òun ni oníbodè.

"Ta ni ọ́, tó o ń tẹ ilẹ̀ wa gìdìgìdì bí ẹni tó jogún rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀?"

"Èmi Ọdẹ́ṣìnà ni! Èmi tí ẹkùn rí tó dibọ́n pé ara òun kò yá! Ìtàkùn tó ní kí erin má kọjá, tòun terin ni yóò jọ lọ!"

Ẹ̀rín rọ́ jáde látìpàkọ́ iwin náà. "Ẹnu mú, àfi bí abẹ. Ẹran tó o pa kọ́ là ń bèèrè níbí. Dá mi lóhùn: kí lèèyàn ń gbé sílẹ̀, tó jẹ́ pé bí kò bá padà lọ wò ó, kì í jẹ́ tirẹ̀ mọ́?"

"Àlọ́ ọmọdé lo fi ń dá ọdẹ dúró? Pàkúté ni! Ẹni tó dẹ pàkúté tí kò padà lọ wò ó, eṣinṣin ló dẹ ẹ́ fún."

Iwin náà yí iwájú rẹ̀ tó dán sí i, ó dàbí ẹni pé ó ń wò ó, bẹ́ẹ̀ kò lójú. Ó tún yí ẹ̀yìn padà. "O gbà á. Ṣùgbọ́n o kò mọ ohun tó o gbà. Kọjá."

Ọdẹ́ṣìnà gbéra, ó ń rẹ́rìn-ín abẹ́nú pé òun ti tan iwin. Ẹ dá a lóhùn fún mi: ta ló tan ta?

Ìlú kan ló bọ́ sí, Ìlú Ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ibẹ̀ ló ń mọlé. Wọ́n á po amọ̀, wọ́n á mọ ìpele àkọ́kọ́, á rí kànńkà. Bí oòrùn bá yí, wọ́n á wo ohun tí wọ́n mọ, wọ́n á ní, "Ta ló wá da pàǹtírí síbí?" Wọ́n á wó o, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í po amọ̀. Kò sí ilé kan ní gbogbo ìlú náà. Irun orí wọn ti funfun lẹ́nu ìpele àkọ́kọ́. Obìnrin kan pọn òkúta sẹ́yìn, ó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ọmọ rẹ̀ gan-an jókòó nínú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń ké, eegun ìhà rẹ̀ hàn. Obìnrin náà ní, "Ọmọ ta lèyí ń pariwo? Ẹ wá gbé e o, ó fẹ́ jí ọmọ mi."

Ọdẹ́ṣìnà tó rí ikú oríṣiríṣi nínú igbó, ibẹ̀ ló ti gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Atẹ́gùn kan ń fẹ́ ní ìlú náà, á wọ etí ọ̀tún, á gba tòsì jáde, ohun tó bá bá láàárín, á gbé e lọ. Kí Ọdẹ́ṣìnà tó la ìlú já, ojú ìyá rẹ̀ ti lọ. Orúkọ tó sọ ìbọn rẹ̀ ti lọ. Ó bá ara rẹ̀ tó ti kó amọ̀ sọ́wọ́, tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi mọ nǹkan. Ó sọ amọ̀ náà nù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe Àwẹ̀ró. Bó bá gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, á pe Àwẹ̀ró. Bó bá gbé tòsì, á pe Àwẹ̀ró. Bó ṣe pè é jáde nìyẹn, ètè rẹ̀ ti bó. Ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin ọmọ mi: orúkọ tó ń pè ló bá a jáde. Èyí tí kò pè ńkọ́?

Lẹ́yìn ìlú náà ni pápá kan wà, ilé ìwé wà láàárín rẹ̀. Àwọn ọmọ iwin jókòó tò lọ bẹẹrẹ: olójú kan, ẹlẹ́sẹ̀ kan, èyí tí etí rẹ̀ ń wọ́lẹ̀. Agogo tí Ọdẹ́ṣìnà sọ nù ń dá ara rẹ̀ lù. Ẹfun ìkọ̀wé ń dá kọ̀wé lójú pátákó. Kò sí ẹnì kan nídìí pátákó náà, àfi ohùn. Ohùn obìnrin kan, ohùn tútù, tó ń bi àwọn ọmọ iwin pé, "Kí la gbé sílẹ̀ lánàá?"

Ọdẹ́ṣìnà sún mọ́ ọn. Ó mọ ohùn náà bí ẹni mọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Arúgbó iwin kan dìde lẹ́yìn ilé, ó pọn apẹ̀rẹ̀ bí ọmọ. Ìyá Àṣàkù ni wọ́n ń pè é, òun ló ń ṣa gbogbo ohun tí ọmọ aráyé bá jù sígbó.

"Ẹ káàbọ̀, Baba Ajunkannù. Mo ti ń retí yín."

"Ìyá, nǹkan mi ni mo wá gbà. Àwọn ọmọ wa ń kú lọ lójú ayé. Àbí ẹ ti gbàgbé ibi tẹ́ ẹ ti rí i?"

"Èmi? Gbàgbé?" Ó rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ṣà á. "Ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Àwọn ọmọ tèmi yìí, pẹ̀tẹ́lẹ̀ lorí wọn tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti ń kàwé báyìí. N kò gba ohunkóhun mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ̀kọ́ kì í tán lọ́wọ́ ẹni tó bá fún ni. Ẹ̀yin lẹ tilẹ̀kùn. Ẹ dárúkọ ẹni tó ni ín, kẹ́ ẹ máa gbé e lọ."

"Ìyá, èèwọ̀ ni."

"Ó dáa, ẹ padà sílé."

"Ẹni tó lọ yẹn ló ni ín."

"Gbogbo ayé ló ní ẹni tó lọ yẹn. Èwo ni tiyín?"

Ọdẹ́ṣìnà rántí ọwọ́ Àwẹ̀ró nínú iná. Ó ní, kí ikú gbọ́ bó bá fẹ́ gbọ́! Ó la ẹnu gbàgà láti pe ọmọ rẹ̀.

Kò sí nǹkan níbẹ̀.

Ó tún la ẹnu. Afẹ́fẹ́ lásán. Ó wá a nínú orí rẹ̀ bí ẹni wá abẹ́rẹ́ nínú koríko, kò rí i. Ó ti pẹ́ jù tó ti ń sá fún un. Kò padà lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan, atẹ́gùn Ìlú Ìbẹ̀rẹ̀ kò sì bá ẹnì kankan nídìí rẹ̀. Akọni tí igbó ń tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀ ló wó lulẹ̀ yẹn, tó ń fọwọ́ lu ilẹ̀. "Mo ti gbàgbé ọmọ mi! Yéè! Mo ti gbàgbé orúkọ ọmọ tí mo bí!"

Ìyá Àṣàkù kò bá a kẹ́dùn. Ó tọ́ka sí ààyè kan lórí bẹ́ǹṣì, láàárín olójú kan àti ẹlẹ́sẹ̀ kan. "Ẹ jókòó bí àwọn ẹgbẹ́ yín."

Ọdẹ́ṣìnà jókòó. Ohùn náà dé orí rẹ̀. "Kí la gbé sílẹ̀ lánàá?"

"N kò mọ̀."

"Padà lọ wá a, ó wà níbẹ̀." Kò sí ìbínú nínú ohùn náà. Ó kọjá lọ bá àwọn yòókù. Nígbà tó ṣe, ó tún padà. "Kí la gbé sílẹ̀ lánàá?"

Ọdẹ́ṣìnà fọwọ́ dijú. Ọ̀rọ̀ tó fi yangàn fún oníbodè ni ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ bà. "Pàkúté," ló wí.

"Ta ló bá yín lọ wò ó?"

"Ọmọ kékeré kan. Ìrì ń sẹ̀. Ó di etí dàńṣíkí mi mú."

"Kí ló bi yín?"

"Ó ní, 'Bàbá, bí a kò bá wá wò ó lónìí ńkọ́?' Mo ní, 'Á jẹrà, ọmọ mi. Ohun tá a bá gbé sílẹ̀, à ń padà lọ wò ó ni.'" Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ibi tí ọmọ náà ti kọ́ iṣẹ́ tíṣà. Ẹ̀yìn òun ló ti kọ́ ọ, nídìí pàkúté.

"Ta ló fún yín lọ́mọ náà?"

"Ọjọ́ tí wọ́n bí i, ọwọ́ òfo ni mo ti igbó dé. N kò ní ohun tí màá fi kí ìyá ọmọ kú ewu. Gbogbo ọdẹ ìlú pé sẹ́nu ọ̀nà mi. Kálukú gbé ẹran kalẹ̀. Wọ́n ní, 'Ọdẹ ló fún ọ. Lọ kẹ́ ẹ.' Ọdẹ ló fún mi... Ọdẹ́..."

Orúkọ náà dìde látìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀, ó fa ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ya bó ṣe ń bọ̀.

"Ọdẹ́fúnkẹ́! Ọdẹ́fúnkẹ́ ọmọ mi! Ọdẹ́fúnkẹ́ o!"

Ẹkún tí kò sun lọ́jọ́ ikú ló sun lórí bẹ́ǹṣì yẹn, àwọn ọmọ iwin sì bá a sun ún, olójú kan ń fi ojú kan sunkún. Nígbà tó gbé orí sókè, agogo ti dákẹ́.

"Ẹ gbé apẹ̀rẹ̀ yín," Ìyá Àṣàkù wí. "Orin wà nínú rẹ̀. Ohùn kì í bọ̀. Ẹnu alààyè lẹ máa fi kọ ọ́."

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí n rí ojú rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan péré."

"Ẹni tó jù ú sígbó tí kò wẹ̀yìn, ojú wo ló tún fẹ́ rí? Ẹ máa lọ. Ẹ ti pẹ́."

Ó ti pẹ́ lóòótọ́. Bí Ọdẹ́ṣìnà ṣe yọ sétí igbó, ó pàdé àwọn àgbà ìlú tí wọ́n ń bọ̀, ẹnì kan ru apẹ̀rẹ̀. Aṣọ ọmọdé wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú síléètì kan. Ìyá aláró ń tẹ̀lé wọn lókèèrè, ó ti fi etí aṣọ di ẹnu ara rẹ̀.

"Apẹ̀rẹ̀ ta nìyẹn?"

Baálẹ̀ ní, "Ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀. Ọmọ kan rìn wọ inú odò, ó gbàgbé pé omi ń gbé ènìyàn. Yàgò lọ́nà, Ọdẹ́ṣìnà, má bi wá lórúkọ."

Síléètì náà ni Ọdẹ́ṣìnà mọ̀. "Àlàó ni," ló wí.

"O fẹ́ fa ikú wọ̀lú ni!"

"Ikú wà nílùú kí n tó lanu, Baálẹ̀. Gbogbo wa panu mọ́, Àlàó kú. Kí lẹ tún fẹ́ fi ìdákẹ́ rà?" Ó gba apẹ̀rẹ̀ náà lórí ẹni tó rù ú. Àwọn àgbà ń bú u, ó ń lọ. Apẹ̀rẹ̀ ọ̀tún, apẹ̀rẹ̀ òsì, ó gba ilé ìwé lọ tààrà.

Tíṣà Ọ̀ṣúndáre dìde fún un. Ọdẹ́ṣìnà kò mọ̀wé, kò mọ bí wọ́n ti ń di ẹfun mú. Ó gbé agogo fún Tíṣà, ó ní, "Ẹ bá mi lù ú." Ó káwọ́ sẹ́yìn. Àwọn ọmọ ń wò ó, ojú wọn dà bí ojú fèrèsé ilé àhoro. Àlàfo wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àwẹ̀ró.

"Kí la gbé sílẹ̀ lánàá?"

Eṣinṣin ń kùn. Baálẹ̀ àti àwọn èèyàn rẹ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà. Ọdẹ́ṣìnà kò sáré. Ó kọjá lọ sí igun kejì, ó padà, ó tún bi wọ́n. "Kí la gbé sílẹ̀ lánàá?"

Ìyá aláró ló kọ́kọ́ já aṣọ kúrò lẹ́nu níta. "Àlàó!" ló ké. "Àlàó mi la gbé sílẹ̀!"

Ọmọ kan mí kanlẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì. Ó ní, "Àlàó ló máa ń pariwo." Òmíràn ní, "Wọ́n nà án nídìí odò." Òmíràn ní, "Nítorí orin ni."

Nígbà náà ni Àwẹ̀ró gbé ọwọ́ sókè, ọwọ́ tó jóná, tí ìka rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra tí kò ní í là mọ́ láyé. Ó ń wo agogo tó wà lọ́wọ́ Tíṣà. Ó wo Ọdẹ́ṣìnà. Ètè rẹ̀ ń wá ọ̀rọ̀ bí ọmọ àgùntàn tó ń wá ọmú.

"Bàbá àgbà," ló wí, "ìyá mi la gbé sílẹ̀ lánàá."

"Kí lorúkọ rẹ̀, ọmọ mi?"

Baálẹ̀ na ọwọ́ láti dá a dúró. Ọmọ náà ti pè é.

Ibi tí mo gbé ìtàn náà kalẹ̀ sí nìyí, ẹ̀yin ọmọ mi. Pàkúté ni mo dẹ. Ẹ padà wá wò ó, kí eṣinṣin tó bà lé e.